Ojú Ọmọ Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n

Ọmọ kẹta nìyí tí ojú rẹ̀ jáde láwọ̀ ewé. Surajudeen fa fọ́tò náà yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, ó gbé e lọ síbi fèrèsé, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé bí òun bá wò ó pẹ́ tó, ojú ọmọ ọlọ́mọ yóò padà sí bí Ọlọ́hun ṣe dá a. Kò padà. Ọmọdébìnrin inú àwòrán náà dé fìlà onígun mẹ́rin, ó wọ aṣọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí wọ́n gún ewé ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi pa á lójú.

"Bàbá Qonitah, ẹ má tẹ òmíìn mọ́," Mujeebat ìyàwó rẹ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà yàrá. "Pépà lẹ fi ń ṣòfò."

"Mo ti rí i."

"Tẹ́ ẹ bá ti rí i, kí ló dé tẹ́ ẹ tún ń tẹ̀ ẹ́?"

Kò tíì ju aago méje ààbọ̀ àárọ̀ lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n fi ṣéènì dè mọ́ irin àtẹ̀gùn níta sì ti ń ké láti ìdájí. Ìró rẹ̀ kún palọ̀ bámúbámú, ó di kí ènìyàn gbé ohùn sókè kó tó lè sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ohùn tí a bá gbé sókè láàárọ̀ kì í pẹ́ dìjà nílé tí oúnjẹ bá ti ṣọ̀wọ́n. Ohun tí ó kù nínú ìkòkò Mujeebat kò ju ẹ̀wà àná lọ, ó sì ti bu èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọmọ tí yóò jáde lọ́sàn-án.

Ọmọ náà ni Qonitah, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ yìí gan-an ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n yóò jáde ìwé mẹ́fà nílé-ìwé aládàáni kan ní Agbowó. Surajudeen kò rí owó ilé-ìwé táàmù ìkẹyìn san. Ìyáàfin Oyèbọ́lá tó ni ilé-ìwé náà pè é, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àwọn olówó ṣe ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ọ̀nà kò sí fún ẹni tí àwọn ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní kí Surajudeen ya gbogbo ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélọ́gbọ̀n, kó tẹ fọ́tò ńlá kọ̀ọ̀kan fún wọn, kí fọ́tò náà sì dé kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá dé, Qonitah yóò gun orí pèpéle pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Bí wọn kò bá dé, kò ní gùn ún, ìwé náà yóò wà nínú dúrọ́ọ̀ Ìyáàfin Oyèbọ́lá, kò sì sí ilé-ìwé girama kan tí yóò gba ọmọ láìrí ìwé yẹn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi dógò bẹ́ẹ̀, àdéhùn ni wọ́n sì pè é.

Surajudeen ya fọ́tò náà tán lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì yà wọ́n dáadáa. Títẹ̀ ló kù. Ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀ yìí, tòkúnbọ̀ ńlá tó gba gbogbo orí tábìlì palọ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń pa tì. Íǹkì mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Tí wọn kò bá tan ẹ̀rọ náà fún ọjọ́ bíi mélòó kan, íǹkì á gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sì rèé tí iná ti lọ ládùúgbò wọn. Tiransífọ́mà ló jó. Àwọn tó ń gba owó iná wá, wọ́n fi fóònù ya tiransífọ́mà náà ní fọ́tò bí ẹni wá kí òkú, wọ́n ní kí àdúgbò dá owó ra tuntun. Àdúgbò dá a. Wọ́n tún ní owó wáyà kò sí níbẹ̀. Bí ó ṣe di ọ̀sẹ̀ márùn-ún nìyẹn, tí íǹkì pupa tí àwọn onífọ́tò ń pè ní màjẹ́ńtà sì dì mọ́ ẹnu ẹ̀rọ tí kò jáde mọ́, tí gbogbo ojú ọmọ ènìyàn wá di ewé.

"Fírísà mi lẹ tà tẹ́ ẹ fi ra nǹkan yìí," Mujeebat wí.

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé èmi nìkan ni mo tà á? Ìwọ náà kọ́ lo ní ẹja ń jẹrà mọ́ ọ lọ́wọ́?"

"Ẹja ń jẹrà lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó bá rí i mọ̀ pé ẹja ni. Mi ò ta ẹja aláwọ̀ ewé fún ẹnikẹ́ni rí."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Surajudeen, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó jáde. Òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ló ń dùn ún. Àìsíná ló pa òwò ẹja yìnyín ìyàwó rẹ̀, Surajudeen fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n ta fírísà, kí wọ́n fi ra ohun tí kì í jẹrà. Àìsíná náà ló tún tẹ̀ lé wọn wá sídìí èyí. Ó mú fóònù, ó pe Theophilus tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Dùgbẹ̀, ó sì fi gbogbo ohùn tó ní bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí ọjọ́ lọ jù kó tó dé.

Qonitah jáde láti yàrá. Wọ́n ti di irun rẹ̀ lánàá, ìdí irun náà ṣì ń dùn ún tí kò fi lè yí ọrùn dáadáa. Ó rìn sún mọ́ ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, aṣọ mi ńkọ́?"

Mujeebat fi ojú bá a wí, ó fà á wọ yàrá padà.

"Ṣebí ibi tá a fi í sí náà ló wà? Kò tíì tẹ̀ tán. Jẹ́ kí dádì ẹ ṣe tán ná."

Aṣọ funfun ni, gáùn tuntun tí ilé-ìwé ní kí gbogbo ọmọbìnrin wọ̀. Ọjọ́ Sátidé ni Mujeebat fọ̀ ọ́, ó gbẹ tán ó rún jégéjégé, kò sì sí iná tí wọn yóò fi lọ̀ ọ́, jẹnẹrétọ̀ kékeré wọn kò lágbára tó láti gbé áyọ́ọ̀nù. Áyọ́ọ̀nù eléèédú wà nílé o, lọ́wọ́ Àpínkẹ́, ìyá Ìṣọ́raolúwa, tó ń gbé nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi ìpàdé tiransífọ́mà, Mujeebat ti dìde, ó ti ní àwọn kan kò tíì dá tiwọn tí wọ́n sì ń retí iná, ó sì wo Àpínkẹ́ lójú kó tó jókòó. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ọkọ Àpínkẹ́ kò tíì gbowó oṣù láti oṣù mẹ́rin. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti ń kọjá lára wọn lórí àtẹ̀gùn bí ẹni tí ń kọjá lára ògiri. Mujeebat kò lè lọ kan ilẹ̀kùn yẹn nítorí áyọ́ọ̀nù. Ó ṣe ohun tí gbogbo ọmọ tó bá dàgbà sínú òkùnkùn mọ̀ ọ́n ṣe: ó ká aṣọ náà dáadáa, ó wá ohun tó wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ìyá tirẹ̀ máa ń tẹ agbádá Jímọ́ọ̀ bàbá rẹ̀ sí. Fóòmù tiwọn ti tẹ́ jù, kò lè tẹ nǹkan kan. Kò sí ohun tó wúwo nínú ilé náà bí ẹ̀rọ fọ́tò. Ó wé gáùn náà sínú híjáàbù dúdú rẹ̀ àtijọ́ kí eruku má baà kàn án, òun àti Qonitah gbé ẹ̀rọ náà díẹ̀, wọ́n tì í sábẹ́ rẹ̀. Surajudeen kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ó ti kìlọ̀ tipẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ òun, nítorí náà wọn kò sọ fún un.

Obìnrin méjì ń fa omi nídìí kànga nísàlẹ̀. Ohùn Àpínkẹ́ borí ìró jẹnẹrétọ̀.

"Látìdájí ni wọ́n ti ń da èéfín lé wa lórí. Àfi bíi pé báńkì ni wọ́n ń ṣí lókè ibẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ fọ́tò ni wọ́n ń ṣe," obìnrin kejì wí.

"Fọ́tò wo? Ẹ̀yin ti rí fọ́tò kankan tó jáde?"

Mujeebat dé ojú fèrèsé, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó rí fọ́tò aláwọ̀ ewé mẹ́ta tó wà lórí àga, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Aago mẹ́sàn-án kọjá dáadáa kí Theophilus tó dé, òun àti báàgì rẹ̀ tí síìpù rẹ̀ ti já. Ọ̀dọ́kùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó ṣí ìdérí ẹ̀rọ, ó wo inú, ó kán íǹkì díẹ̀ sórí ìka, ó fi ìka méjì ra á.

"Níbo lẹ ti ra íǹkì yìí, ẹ̀gbọ́n?"

"Dùgbẹ̀ náà ni. Ibi tí gbogbo wa ti ń rà á."

"Omi aró ni wọ́n tà fún yín. Ẹ wò ó, ó ti lẹ̀ bí àtè."

"Ṣé ó máa ṣeé ṣe?"

"Ẹ bá mi wá omi lílọ́wọ́ọ́wọ́."

Mujeebat gbé omi wá. Theophilus fi sírínjì fà á, ó ń ta á sínú ihò tí íǹkì pupa ń gbà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń fún ọmọ ìkókó lóògùn. Ó fa ìdọ̀tí tó ṣú jáde, ó tún ta òmíràn. Lẹ́yìn náà ó tan ẹ̀rọ, ó ní kó fọ ẹnu ara rẹ̀. Ẹ̀rọ náà mí, ó kùn, ó gbọ̀n. Wọ́n tẹ bébà kan wò. Pupa kò jáde. Ó tún ní kó fọ̀ ọ́. Pupa yọ fínínfínín, ó tún sá padà. Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ lọ nìyẹn, nígbà mẹ́ta, nígbà márùn-ún, tí Surajudeen dúró tì í bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ wà ní yàrá ìgbẹ̀bí.

Mujeebat sọ̀kalẹ̀ lọ wá epo jẹnẹrétọ̀. Kò sí nílé nígbà tí Theophilus sinmi, tó nu ọwọ́, tó sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí gbogbo wọn jọ gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun kan wà o. Gbogbo íǹkì tó fi ń fọ ẹnu yìí, abẹ́ ló ń lọ. Fóòmù kan wà nídìí ẹ̀ tó ń fà á mu. Ẹ̀rọ ló máa ń ka iye tó ti mu, tó bá yó, á kìlọ̀. Àwọn tó tà á fún yín ti yí iye náà padà sí òdo, bí wọ́n ṣe ń yí iye máìlì mọ́tò tòkúnbọ̀. Kò lè kìlọ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ ká dà á dojú dé, ká yọ fóòmù náà, ká fọ̀ ọ́, ká sá a."

"Wákàtí mélòó nìyẹn?"

"Tí oòrùn bá wà, bíi mẹ́ta."

Àwọn méjèèjì wo ìta. Oṣù Keje ni, ojú ọ̀run ṣú, òjò ti ń rùn bọ̀ láti ọ̀nà Ẹlẹ́yẹlé.

"Kò sí àyè," Surajudeen wí. "Aago méjì ni wọ́n ń retí mi."

"Ó dáa. Tábìlì yìí ni kẹ́ ẹ máa wò, gbogbo etí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí íǹkì lórí ẹ̀, bó ṣe wù kó kéré mọ, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá fi dé ibi iná ẹ̀, ó parí nìyẹn." Ó fi ìka kan etí aṣọ dúdú tó yọ díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ. "Ẹ tiẹ̀ gbọ́n, ẹ tẹ́ aṣọ sí i lábẹ́. Kì í jẹ́ kó máa gbọ̀n."

Surajudeen rò pé ìyàwó òun ló fi aṣọ náà há a nítorí gbígbọ̀n. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn díẹ̀ pé láìka gbogbo ìjà sí, ó ṣì ń bá òun tọ́jú ẹ̀rọ náà.

Nígbà tí Mujeebat gun òkè padà, ìwọ̀nba epo tó rí rà nínú kẹ́ẹ̀gì kékeré, ó bá wọn tí wọ́n ń pariwo. Fọ́tò kan wà lọ́wọ́ Surajudeen. Ojú ọmọ inú rẹ̀ dúdú dáadáa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán, ètè rẹ̀ pupa bó ṣe yẹ kí ètè ọmọ pupa.

"Alihamudulilahi," Mujeebat wí. Kò mọ ìgbà tó jókòó sílẹ̀. "Ọmọ ènìyàn rèé."

Kò sí ohun tí wọ́n lè fi dá Theophilus lọ́lá àfi oúnjẹ. Mujeebat gbé ẹ̀wà Qonitah fún un, ó ní òun yóò se òmíràn fún ọmọ. Theophilus jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu abọ́ mọ́, ó kó báàgì rẹ̀, ó sì lọ síbi tí wọ́n tún ti ń dúró dè é. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ti kọjá díẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni fọ́tò kọ̀ọ̀kan ń gbà. Wọ́n ṣírò rẹ̀, ó fún wọn lọ́rùn ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Surajudeen ń fi pépà sí i, Mujeebat ń gbà á lẹ́nu ẹ̀rọ, Qonitah ń tẹ́ wọn sórí ibùsùn, ó sì ń pe orúkọ wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀.

"Tẹjúmọ́lá nìyí. Ojú ẹ̀ ni, ó máa ń ṣe bí ẹni fẹ́ sín. Suhail nìyí. Ẹ wo Nabeelah, ó ní òun ò ní rẹ́rìn-ín, ó pàpà rẹ́rìn-ín."

"Tìrẹ ńkọ́?" Mujeebat bi í.

"Dádì ní tèmi ló máa gbẹ̀yìn. Wọ́n ní tàwọn ọlọ́mọ ni ká kọ́kọ́ ṣe."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn," Surajudeen wí. Ó rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i kó rẹ́rìn-ín nínú ilé náà, Mujeebat sì rí i pé òun náà ń rẹ́rìn-ín, láìsí ìdí kan ju pé kò rántí ìgbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jọ ṣe iṣẹ́ kan pọ̀ gbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn bíi fọ́tò mẹ́jọ, pupa tún fẹ́ máa sá. Surajudeen ní kí ẹ̀rọ fọ ẹnu. Ó fọ̀ ọ́, ó mọ́. Lẹ́yìn fọ́tò mẹ́fà mìíràn, ó tún fọ̀ ọ́.

"Mujeebat, bá mi máa wo tábìlì yẹn o," ó wí. "Theophilus ní tá a bá ti rí íǹkì lórí ẹ̀, ká pa á."

Mujeebat fi ìka ra iwájú tábìlì. Ó fi ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀ pàápàá. Ó gbé ìka náà sókè fún ọkọ rẹ̀ rí.

"Kò sí nǹkan kan. Ó gbẹ táútáú."

"A dúpẹ́."

Mujeebat rántí gáùn Qonitah nígbà tó kù díẹ̀ kí aago kan lù. Ó wo ẹ̀rọ náà tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀, tó ń tẹ ojú ọmọ kan jáde díẹ̀díẹ̀, láti orí fìlà wá sí iwájú orí, wá sí ojú. Kò ṣeé gbé. Bí wọ́n bá mì ín báyìí, fọ́tò yẹn á bàjẹ́, Surajudeen á sì béèrè ohun tó ń wá lábẹ́ rẹ̀. Bí èyí tó kẹ́yìn bá ti jáde, òun yóò ní kí ó bá òun gbé e díẹ̀. Nígbà yẹn inú rẹ̀ á ti dùn, kò ní lè jà. Kódà aṣọ náà yóò túbọ̀ tẹ̀ sí i. Ó ní kí Qonitah lọ wẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ̀wà mi ńkọ́?"

"Tó o bá dé láti ilé-ìwé. Ṣebí wọ́n á fún yín ní ìpápánu níbẹ̀."

Ọmọ náà wò ó, ó lọ wẹ̀. Surajudeen tún fọ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìyẹn. Mujeebat tún fi ìka ra tábìlì. Ó gbẹ.

Fọ́tò kejìdínlọ́gbọ̀n jáde. Ìkọkàndínlọ́gbọ̀n jáde, ọmọ kan tó ń jẹ́ Tìmílẹ́hìn, ó rẹwà ju gbogbo àwọn tó ṣáájú lọ. Surajudeen fi pépà mìíràn sí i. Ẹ̀rọ náà fà á wọlé dé ìdajì, ó dún "tá" lẹ́ẹ̀kan péré, iná ara rẹ̀ kú. Òórùn wáyà tó jó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ rẹ̀.

Surajudeen tẹ bọ́tìnnì. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó yọ wáyà kúrò lára iná, ó kì í bọ̀ ọ́ padà. Mujeebat sáré lọ wo jẹnẹrétọ̀, bóyá epo ló tán. Jẹnẹrétọ̀ ń ké dáadáa.

"Íǹkì kò dà sórí tábìlì," Surajudeen ń sọ fún ara rẹ̀. "A wò ó. Ṣebí a wò ó? Kò sí nǹkan kan lórí tábìlì."

Ó kó apá méjèèjì yí ẹ̀rọ náà ká, ó gbé e sókè láti wo ìdí rẹ̀. Aṣọ dúdú náà bá a lọ sókè, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹran tó lẹ̀ mọ́ ìkòkò, lẹ́yìn náà ó já, ó sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìró tí aṣọ gbígbẹ kì í dún. Híjáàbù náà tú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ yọ síta.

Kò funfun mọ́. Dúdú ló pọ̀ jù, àmọ́ búlúù náà wà níbẹ̀, àti yẹ́lò, àti pupa, gbogbo pupa tí wọ́n ń wá láti àárọ̀. Ó ti mu ún yó. Gbogbo ẹ̀kán íǹkì tó yẹ kó dà sórí tábìlì, tó yẹ kó ké sí wọn pé kí wọ́n dúró, aṣọ náà ló fà á mu lábẹ́ ibẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Qonitah ti jáde láti ilé ìwẹ̀, síìmíìsì ló wọ̀, ó ti fi ìpara para. Òun ló kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ó sì tètè gbé ojú kúrò.

"Kí nìyí?" Surajudeen béèrè.

Mujeebat la ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé kò sí iná. Ó fẹ́ sọ pé ta ló ní kí wọ́n ta fírísà òun, pé ta ló lọ ra ẹ̀rọ àlòkù tí wọ́n ti yí nǹkan rẹ̀ padà, pé ta ló ń gba owó iná lọ́wọ́ àwọn tí kò níná. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́, kò sì sí èyí tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Mo ní kó tẹ̀ díẹ̀ ni," ó wí.

Surajudeen wò ó. Ká ní ó pariwo ni, ká ní ó gbé ọwọ́ sókè pàápàá, ìbá sàn fún un. Ó rọra gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tì í mọ́ ògiri, íǹkì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde lábẹ́ rẹ̀ wá sórí sìmẹ́ǹtì. Fóònù rẹ̀ dún. Ìyáàfin Oyèbọ́lá ni.

"Ẹ káàsán, mà. Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó kù díẹ̀, mà." Ó gbọ́ díẹ̀. "Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló wà lọ́wọ́, mà. Ẹ̀rọ ló... Rárá, mà. Mo mọ̀ pé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n la sọ, mà." Ó tún gbọ́, fún ìgbà pípẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni. Màá kó wọn bọ̀. Ó yé mi, mà."

Ó fi fóònù sápò. Ó kó fọ́tò mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kúrò lórí ibùsùn, ó tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpòòwé ńlá, ó rí i pé etí wọn kò ká. Iṣẹ́ tó dára ni, ẹnikẹ́ni tó bá rí i á yìn ín.

"Ó ní àwọn òbí ti ń dé, kí n kó èyí tó wà wá," ó wí, láìwo ẹnikẹ́ni. "Ó ní kí Qonitah dúró sílé ná. Tí márùn-ún tó kù bá dé, ká wá gba ìwé ẹ̀."

"Níbo ni márùn-ún tó kù máa gbà dé?" Mujeebat béèrè.

Ọkọ rẹ̀ ti wà lórí àtẹ̀gùn. Ó pa jẹnẹrétọ̀ bó ṣe ń kọjá lára rẹ̀, nítorí epo, ilé náà sì dákẹ́ lójijì tó jẹ́ pé wọ́n ń gbọ́ ìró òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta lórí páànù.

Mujeebat bu omi sínú bàsíà, ó da ọṣẹ sí i, ó ki aṣọ náà bọ̀ ọ́. Omi àkọ́kọ́ dúdú. Ó dà á nù. Omi kejì di búlúù. Ó bó o, ó bó o, èékánná rẹ̀ yí padà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di aláró. Bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ni ibi tó kù díẹ̀ tó funfun létí ọrùn náà ń gbà nínú àwọ̀ náà, títí kò fi sí ibì kan tó funfun mọ́. Ó mọ̀ pé kò sí ibi tí ọmọ náà ń wọ̀ ọ́ lọ. Ó ṣì ń bó o. Qonitah jókòó sórí ibùsùn nínú síìmíìsì rẹ̀, irun rẹ̀ tuntun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán. Kò sunkún. Ó ń fi ìka yí ibi tí fọ́tò àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ lórí ibùsùn náà ká.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Kò dúró kí wọ́n dáhùn, ó fi ìgbáròkó tì í wọlé, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kò sófo. Àpínkẹ́ ni. Òjò ti pa á léjìká díẹ̀. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ló gbé dání, ó fi àkísà dì í mú, èédú inú rẹ̀ ń pọ́n wẹ́ẹ́ láàárín àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Qonitah," ó wí. Ó wo ilẹ̀ bí ó ṣe ń sọ ọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí kò ti pe orúkọ náà. "Ìṣọ́ra ló sọ fún mi pé òní ni wọ́n ń jáde. Mo mọ̀ pé ẹ ò níná tẹ́ ẹ máa fi lọ aṣọ ẹ̀. Mo ti dáná sí i láti àárọ̀, mo ń retí kẹ́ ẹ rán ọmọ wá gbà á. Nígbà tí mo gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ yín dákẹ́, mo ní ẹ ti fẹ́ máa lọ nìyẹn, ni mo bá ní kí n kúkú gbé e gòkè wá."

Ó gbé ojú sókè, ó ń wá ibi tí aṣọ wà. Ó rí bàsíà. Ó rí ọwọ́ Mujeebat.

Mujeebat dìde dúró pẹ̀lú aṣọ náà, omi aró ń ro tó tó tó láti inú rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àpínkẹ́ dúró pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ́wọ́, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Qonitah ló sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn, tó kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ ṣeun, mà," ó wí.